Ta Ni Ó Ni Ìwé Ìjọba? Àyẹ̀wò Ẹ̀tọ́ Àdàkọ àti Ẹ̀tọ́ Aráàlú Láti Rí Ìwé Ìjọba ní Amẹ́ríkà, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà

Ní ọdún 1969, ilé ìtẹ̀wé ìjọba ní Ìbàdàn tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ E. O. Ayọ̀ọlá ṣe alága rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, rán ìgbìmọ̀ náà ni pé kí wọ́n wádìí rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn apá kan ìpínlẹ̀ náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ fárígá lórí owó-orí. Kò sí ẹni tí yóò kọ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà lónìí tí kò ní fi ọwọ́ kan ìwé yìí. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí ẹ̀sùn tí àwọn àgbẹ̀ fi kan àwọn agbowó-orí àti àwọn wolé-wolé, tí a sì ti ń rí bí owó kòkó tí ó já wálẹ̀ ṣe dá kún ìbínú wọn.

Ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1999, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ mìíràn dìde láti wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú lábẹ́ àwọn ìjọba àtẹ̀yìnwá. Adájọ́ Chukwudifu Oputa ni alága. Gbangba ni ìgbìmọ̀ yìí ti jókòó. Àwọn ènìyàn rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n jábọ̀ fún Ààrẹ ní ọdún 2002. Ìjọba kò tẹ àbọ̀ náà jáde. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí ó fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fẹ́ kà á sì ti rí i kà.

Bí a bá wo òfin tí ó wà nígbà tí wọ́n kọ wọ́n, ìjọba ni ó ni ìwé méjèèjì, nítorí òfin sọ pé ohun tí a bá kọ lábẹ́ àṣẹ ìjọba, ti ìjọba ni. Síbẹ̀, ọ̀kan di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tọ́ka sí láìfòyà, èkejì di ohun tí a ní láti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kí a tó rí i. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ohun tí mo fẹ́ gbèjà rẹ̀ nínú bébà yìí ni pé ẹ̀tọ́ méjì ni a sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni ẹ̀tọ́ láti rí ìwé. Èkejì ni ẹ̀tọ́ láti dà á kọ, láti tún un tẹ̀, láti tà á tàbí kí a pín in. Èyí ni mo ń pè ní ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ènìyàn lè ní ọ̀kan kí ó má ní èkejì. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ àdàkọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ẹ̀tọ́ láti rí ni ó pẹ́ kí ó tó dé. Ní Nàìjíríà, òdìkejì èyí ni ó ṣẹlẹ̀, èrò mi sì ni pé ibi tí ìṣòro wa wà gan-an ni èyí fi hàn.

Ẹjọ́ àwọn akọ̀wé ìdájọ́ méjì

Kí a tó sọ̀rọ̀ ilé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti jiyàn ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ìwé ìjọba níwájú adájọ́ láti ìgbà láéláé. Láti ọdún 1816 títí di 1827, Henry Wheaton ni ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ìwé méjìlá ni ó ṣe. Kì í ṣe ìdájọ́ lásán ni ó wà nínú wọn: ó ṣe àkópọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà, ó sì fi àlàyé ti ara rẹ̀ kún un. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1817 fún un ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ́dún, ó sì pàṣẹ pé kí ó fún ìjọba ní 80 ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò tó o. Ọkàn rẹ̀ wà lórí èrè tí yóò ti inú títa ìwé náà wá.

Ìgbà tí Wheaton lọ ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Denmark, Richard Peters ni ó gba iṣẹ́ náà. Peters rí i pé ìwé àwọn tí ó ṣáájú òun ti wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ lọ́yà lọ, pàápàá àwọn tí ń bẹ ní ìgbèríko. Ó wá kó gbogbo ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá jọ, ó gé àlàyé kúrò, ó sì ń tà wọ́n ní ẹ̀dínwó. Ta ni yóò tún ra ti Wheaton? Wheaton pè é lẹ́jọ́ ní 1831. Daniel Webster, tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ náà, wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹjọ́ rò fún Wheaton. Ẹjọ́ náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ kan náà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jẹ́ ohun tí a ń jà lé lórí.

Ní ọdún 1834, Adájọ́ McLean ka ìdájọ́ àwọn tí wọ́n pọ̀ jù. Àwọn méjì, Thompson àti Baldwin, kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí kókó kan, ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan: akọ̀wé ìdájọ́ kankan kò lè ní ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ náà kọ, àwọn adájọ́ fúnra wọn kò sì lè fún un ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí Wheaton fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìkan ni ó lè jẹ́ tirẹ̀, bí ó bá tẹ̀ lé gbogbo ìlànà òfin. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlànà yìí, ibẹ̀ ni ó sì ń fà sí títí àwọn méjèèjì fi kú ní ọdún kan náà, 1848. Wheaton jìyà, a kò gbọ́dọ̀ fi bò. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ takuntakun, ẹlòmíràn ni ó sì kórè rẹ̀.

Ìdájọ́ 1834 kò ṣe àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àlàyé náà dé ní 1888, nínú ẹjọ́ Banks àti Manchester, tí ó wá láti ìpínlẹ̀ Ohio. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ níbẹ̀ ni pé owó àpò aráàlú ni a fi ń san owó oṣù adájọ́. Nítorí náà kì í ṣe òǹkọ̀wé tí ó lè pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ohun ìní. Wọ́n fi kún un pé òfin tí ó de gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ ẹ́. Ní 1895, òfin ìtẹ̀wé ìjọba mú ìlànà yìí kúrò lórí ìdájọ́ nìkan, ó nà án dé orí àwọn ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń tẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1909 àti ti 1976 tún un fi múlẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ yìí kò dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìjà fi tún ṣẹ́ yọ ní Georgia, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti sọ pé ti òun ni àlàyé tí ó wà lábẹ́ òfin inú ìwé òfin rẹ̀. Ẹgbẹ́ Public.Resource.Org gbé gbogbo ìwé náà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹgbẹ́ náà láre, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Ẹ kíyè sí iye yẹn. Lẹ́yìn ọdún 186, ọ̀rọ̀ tí ó jọ pé a ti yanjú ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ilé ẹjọ́ sí méjì ọgbọọgba.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò fún ọmọ Amẹ́ríkà kankan ní àṣẹ láti wọ ọ́fíìsì ìjọba kí ó ní kí a fi fáìlì han òun. Ọdún 1966 ni Ààrẹ Johnson tó fọwọ́ sí òfin tí ó fún wọn ní irú àṣẹ yẹn. Ọdún 132 ni ó wà láàárín ẹ̀tọ́ méjèèjì.

Ẹni tí ó ni ẹrú

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìlànà kan náà yìí ni Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ lò. Ẹni tí wọ́n pè ní olówó ẹrú ni ó yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, aráàlú ni ó ń sanwó fún adájọ́, nítorí náà aráàlú ni ó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń sìn, nítorí náà ọba ni ó ni ohun tí ó bá kọ. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1911 kọ èyí sílẹ̀ ní abala 18: ohun tí a bá kọ tàbí tí a bá tẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ọba tàbí ti ẹ̀ka ìjọba èyíkéyìí, ti ọba ni fún àádọ́ta ọdún láti ìgbà tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé ọba ń fi èyí há ìwé mọ́. Láti 1887 ni àwọn aláṣẹ ìṣúra wọn ti kéde pé ẹni tí ó bá wù lè tún àwọn òfin àti ìwé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba kò bọ́ ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀. Ojúrere ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó bá ṣe ojúrere lè gbà á padà. Ibi tí bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni àwòrán ilẹ̀. Ìwé ìròyìn Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní 2006, wọ́n ń béèrè ìdí tí aráàlú yóò fi máa ra ohun tí owó aráàlú ti kọ́kọ́ ṣe. Ní 2010, ìjọba tú ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí ó fàyè gba gbogbo ènìyàn láti lo ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba láìsanwó. Òfin tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti rí ti ṣáájú èyí: ọdún 2000 ni wọ́n ṣe é, 2005 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nàìjíríà: ìwé tí a kò tẹ̀

Òfin 1911 yẹn ni wọ́n nà dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù Kẹfà ọdún 1912, kí a tó da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù. Báyìí ni ìwé ìjọba ilẹ̀ wa ṣe di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn amúnisìn a máa tẹ̀wé. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ Willink lórí ẹ̀rù tí ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1958, wọ́n sì tà á fún ẹni tí ó bá lówó. Òfin ọdún 1950 sì pàṣẹ pé kí ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ní ilẹ̀ yìí máa dé ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.

Ohun tí wọn kò tẹ̀ ni ó wà nínú ewu. Nígbà tí Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri ní 1951 láti wo ipò tí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba wà, ó bá wọn nínú yàrá ọ̀rinrin, ikán àti kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Àbọ̀ rẹ̀ ni ó bí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní 1954, èyí tí òfin 1957 sọ di Ilé Ìpamọ́ Ìwé Orílẹ̀-èdè. Gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìtàn ni a jẹ Dike ní gbèsè yìí. Ikán kò mọ ẹ̀tọ́ àdàkọ, kò sì mọ òfin àṣírí; ìwé tí ó bá ti jẹ, ẹ̀tọ́ kankan kò lè jí i dìde.

Ọdún 1962 yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni òfin àṣírí ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí ó lè rán ẹni tí ó bá tú ìwé àṣírí síta lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ní ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ Adájọ́ G. B. A. Coker wádìí àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìjọba àpapọ̀ sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́rin. Ìjọba tí ń ti ilẹ̀kùn ni ó ń ṣí fèrèsé. N kò rò pé ìfẹ́ aráàlú nìkan ni ó mú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́: àbọ̀ náà tàbùkù ẹgbẹ́ Action Group, ẹgbẹ́ tí ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ọ̀tá. Àwọn kan lè sọ pé ìjọba ológun ni ó kọ́ wa ní àṣà ìwé pípamọ́. Ìjọba ológun ni ó tẹ àbọ̀ Ayọ̀ọlá. Ìjọba alágbádá ni kò tẹ ti Oputa. Ẹni tí ìwé náà yóò ṣe láǹfààní tàbí tí yóò pa lára ni ó jọ pé ó pinnu, kì í ṣe irú ìjọba.

A kò lè torí èyí wí pé àwọn ológun ṣe dáadáa. Dìkírì kẹrin ọdún 1984 sọ ìròyìn lásán di ẹ̀ṣẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ The Guardian ti Èkó, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, nítorí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ṣe aṣojú ní òkè òkun. Ní 1994 ni ìgbìmọ̀ Pius Okigbo jábọ̀ fún Ọ̀gágun Abacha lórí bílíọ̀nù 12.4 dọ́là tí wọ́n ná lẹ́yìn ìwé ìṣirò ìjọba. Àbọ̀ yẹn náà, ìjọba kò tẹ̀ ẹ́.

Nínú gbogbo èyí, níbo ni ẹ̀tọ́ àdàkọ wà? Ó wà nínú òfin. Òfin ti 1970 gba ipò ti Gẹ̀ẹ́sì. Dìkírì 47 ti 1988 sì sọ pé ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí iṣẹ́ tí a ṣe lábẹ́ àṣẹ ìjọba jẹ́ ti ìjọba, fún àádọ́rin ọdún láti òpin ọdún tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí dáadáa. Àbọ̀ Ayọ̀ọlá tí a tẹ̀ ní 1969 yóò bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ní òpin 2039. Èyí tí ìjọba kò tẹ̀ rárá ńkọ́? Ọjọ́ tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àádọ́rin ọdún náà kò tí ì dé. Bí mo ṣe lóye òfin náà, bí ìjọba bá ṣe ń pa ìwé mọ́ tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ìwé náà yóò ṣe pẹ́ tó. Ibí yìí ni ẹ̀tọ́ méjèèjì ti so mọ́ ara wọn ní Nàìjíríà, tí ẹni tí kò bá fura kò ní rí i.

Akitiyan láti gba ẹ̀tọ́ láti rí bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Abacha, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́. Ilé aṣòfin gba àbá òfin náà wọlé, ṣùgbọ́n Ààrẹ Ọbásanjọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní 2007. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i. Òfin yìí ní agbára: ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé láìsọ ìdí, ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ìtanràn ẹni tí ó bá fi ìwé du olùbéèrè láìtọ́ jẹ́ ₦500,000, òǹtẹ̀ àṣírí nìkan kò sì tó láti fi ti ilẹ̀kùn mọ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní òfin náà kò kan àwọn, títí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi sọ ní oṣù Kẹrin 2025 pé ó kan gbogbo wọn.

Abala 26 ni àwọn tí ń yin òfin yìí kì í sábà kà. Ohun tí ó sọ ni pé òfin náà kò kan ìwé tí a ti tẹ̀ jáde tàbí èyí tí aráàlú lè rà. Lójú kìíní, ọgbọ́n wà níbẹ̀: kí ni a ó máa béèrè fún ohun tí ó wà ní ọjà? Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ni ó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ. Bí ó bá dá iye gọbọi lé ìwé kan, ẹni tí kò ní owó kò lè lo òfin 2011 láti rí i, ẹni tí ó sì rà á kò gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀ fún àwọn tí kò lè rà á. Ìjà Wheaton àti Peters ni èyí, bí kò ṣe pé ìjọba ni ó wà ní ipò Wheaton.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun, tí a ń pè ní ti 2022 ṣùgbọ́n tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ni ó gbìyànjú láti tú okùn yìí. Abala kẹta rẹ̀ yọ ìwé ìjọba tí ó jẹ mọ́ òfin ṣíṣe tàbí ìṣàkóso, àti ìtumọ̀ wọn tí ìjọba ṣe, kúrò lára ohun tí ẹnikẹ́ni lè ní ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí. Ó dá àkójọ wọn sí. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ òfin ilẹ̀ wa fún tità lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá kò ní láti tọrọ àyè. Fún àwa tí a wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ohun kékeré.

Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá àbọ̀ ìgbìmọ̀ olùwádìí jẹ́ ìwé ìṣàkóso. Àwọn kan lè ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìmọ̀ràn lásán ni, kò de ẹnikẹ́ni bí òfin ti ń de ènìyàn. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Àṣẹ ìjọba ni ó gbé ìgbìmọ̀ dìde, àṣẹ ìjọba ni ó fi pe ẹlẹ́rìí, owó ìjọba ni ó ná, ìpinnu ìjọba ni ó sì wà fún. Bí àwọn adájọ́ bá fara mọ́ èyí, a jẹ́ pé láti 2023 ni àbọ̀ Ayọ̀ọlá ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún tẹ̀, a kò sì ní láti dúró de 2039. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ọdún mélòó kan ṣì wà níwájú, bébà 1969 kò sì ní le sí i. Ní ti àbọ̀ Oputa àti ti Okigbo, ẹ̀tọ́ àdàkọ kọ́ ni a ó kọ́kọ́ bá ìjọba fà. Òfin 2011 ni a ó mú lọ bá a, pẹ̀lú ọjọ́ méje rẹ̀.